Ndagi Ni Bàbá Rẹ Ń Pè

Nílé bàbá rẹ,
Òmù-Àrán.

Àyìnlá mi, ọkọ mi,

Bàbá rẹ kò lè sọ Yorùbá mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni mo kọ yìí, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kọ ọ́ kó má dùn ọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní òwúrọ̀, bó ṣe ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbéra mọ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń dá ènìyàn mọ̀, a sì ti gbé e kúrò ní ọsibítù wá sílé. Dókítà ní bí a kò bá jáwọ́ nínú nína ẹsẹ̀ náà láràárọ̀, agbára yóò máa padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fi ọkàn balẹ̀ ná kí o tó máa kà á lọ.

Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ. Àbúrò mi fẹ́ pè ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ wà nínú igbó pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ nígbà náà, mo ní ọkàn tó dà rú kò yẹ ẹni tó gbé ìbọn. Nígbà tí o jáde, tí o pè, tí o béèrè bàbá rẹ, mo ní ó ń sùn. O tún pè, mo tún ní ó ń sùn. Má bínú sí ẹlòmíràn o, èmi ni kí o bínú sí. Mo sì ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà torí pé bí mo bá gbé fóònù, ẹkún ni n ó fi sọ ọ́, o kò sì ní gbọ́ ìdajì. Awakọ̀ tó ń gbé èrò láti gáréèjì wa ni n ó fi rán, yóò fi lé Bísí ìyàwó rẹ lọ́wọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò lónìí ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. O ní o ti kọ̀wé pé o fẹ́ fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. O ní o ń bọ̀ wá díje fún àga tí bàbá rẹ jókòó lé rí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìlọrin. O ní kí n wá fọ́tò rẹ̀ tó wọ aṣọ ológun, ẹ ó fi sórí pósítà, lábẹ́ rẹ̀ ẹ ó kọ ọ́ gàdàgbà pé "Ọmọ Òmù-Àrán Pọ́ńbélé". O ní kí ó múra sílẹ̀, pé òun ni yóò gbé ọwọ́ rẹ sókè níwájú ìlú. Mo ka ibẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní ọsibítù, ọjọ́ kejì tó dùbúlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ padà. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa gbọ́. Tápà ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbọ́ Tápà kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nínú ilé yìí. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé èdè tí ènìyàn mu mọ́ ọmú lè kù sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó kọ́ lẹ́yìn bá ti ṣí lọ. Ó ń na ọwọ́ òsì, ó ń sọ pé "nuwan, nuwan". Mo rò pé orúkọ obìnrin ni. N kò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi, owú jẹ mí. Ọkọ mi wà láàárín ikú àti ìyè, èmi ń wá ẹni tó ń jẹ́ Nuwan. Mo tilẹ̀ bi í pé, "Ta ni, Alájì? Níbo ló ń gbé?"

Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ọmọ Tápà ni, Fátí lorúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ wa, ó bú sẹ́rìn-ín, ó lọ bu omi wá.

"Màmá, omi ló ń tọrọ."

Bàbá rẹ mu ife náà tán láìmí. Nígbà tí Fátí wo ojú mi, ẹ̀rín tirẹ̀ náà tán. Mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdébìnrin, mo sì fi òùngbẹ pa á torí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe omi nílé wọn.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń sọ, èmi mọ ìyẹn. Ndagi. Ó ń pè é láàárọ̀, ó ń pè é lọ́sàn-án. Àwọn ará ilé ń bi ara wọn léèrè pé ta ni Ndagi. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kú sójú ogun ni. Mo ń fọ ife tó mọ́.

Àyìnlá, ìwọ ni Ndagi.

Jẹ́ kí n gbé e láti ìdí rẹ̀, torí bí o kò bá mọ ìgbésí ayé bàbá rẹ tán, o kò gbọdọ̀ fi àwòrán rẹ̀ sórí ògiri ẹnikẹ́ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, mo ń bá àǹtí mi tajà nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè ní Ìlọrin, nígbà tí Kápútéènì kan wọlé wá ra bisikíìtì. Ó kí àǹtí mi bí ẹni tí wọ́n bí sí agboolé wa. Àṣé abúlé Tápà kan tó wà lẹ́yìn Ṣàárẹ́ ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń gbin ìrẹsì, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja. Inú ọjà tí Tápà àti Ìgbómìnà jọ ń ná ló ti gbọ́ èdè wa. Nígbà tó tó àkókò láti mú un wá sílé wa ní Òmù-Àrán níbí, bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, tó tún ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣọ́jà. Tápà. Mùsùlùmí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kí n kọ́kọ́ bínú sí?"

Bàbá rẹ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ bínú sí ti ṣọ́jà. Ìyẹn nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ mi."

Bàbá mi gbìyànjú láti le ojú, kò ṣe é ṣe fún un, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló fi mí fún un.

Nígbà tí a bí ọ, kò tíì tó oṣù mẹ́ta tí bàbá bàbá rẹ kú. Bàbá mi ní Babátúndé lo máa jẹ́. Bàbá rẹ ní Ndagi, ìyẹn "bàbá kékeré", orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tó bá gba ipò bàbá àgbà. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà làwọn ń sọ. Ndagi ni bàbá rẹ ń pè ọ́ títí o fi di ọmọ ọdún márùn-ún, o sì ń jẹ́ ẹ. O ń sọ Tápà wọ́ọ́wọ́ọ́ nígbà náà. O ti gbàgbé. Èmi ni mo jẹ́ kí o gbàgbé, n ó sì dé ibẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ dá lórí iṣẹ́ tí o fẹ́ fi sílẹ̀ yìí. Bàbá rẹ kì í sọ fún ọ bó ṣe rí fún un níbẹ̀, torí kò fẹ́ kí o wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Àwọn ará Àríwá rò pé Yorùbá ni, torí èmi ìyàwó rẹ̀. Àwọn Yorùbá sì ń bá a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Nínú ilé oúnjẹ àwọn ọ̀gá, wọn a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ ní Yorùbá, wọn a ní Tápà yìí ti fẹ́ràn iṣẹ́ jù. Yóò jẹun tán, yóò nu ẹnu, yóò dìde. "Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ yín tutù." Ó máa ń sọ ọ́ fún mi, a ó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń kun bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láràárọ̀. Mo bi í pé èéṣe. Ó ní, "Àwa ò pọ̀. Ẹni tí kò pọ̀ kì í ní àbùkù kékeré." Àwọn tó kọ́ ní ìbọn yíyìn di ọ̀gá rẹ̀. Ó kúrò gẹ́gẹ́ bíi Méjọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa. Nítorí náà, bí o bá ń jáde, jáde pẹ̀lú ẹnu mímọ́. Má ṣe fi ẹ̀dùn ọkàn ibẹ̀ tọrọ ìbò níbí. Ìlú kì í dìbò fún ẹni tó ń bínú, àánú rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe.

Èkejì ni pé kí o bọ́ ohùn bárékè sílẹ̀ kí o tó wọ Òmù. Nígbà tí bàbá rẹ fẹ̀yìntì, tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí iwájú ilé wa fún àdúgbò, òun fúnra rẹ̀ ló ń to àwọn apọnmi. "Ẹ tò sórí ìlà. Ẹni tó bá ti kúrò lórí ìlà ti pàdánù àyè rẹ̀." Ìyá arúgbó kan gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Méjọ̀, ṣé omi la wá pọn ni, àbí ẹ fẹ́ kó wa lọ sójú ogun?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé korobá ìyá náà fún un dé ilé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Àna Ológun. Ìwọ máa ń pàṣẹ, Àyìnlá. Bísí sọ fún mi pé o máa ń pàṣẹ fún ìrẹsì kó tètè jinná. Ibi tí o ń bọ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Orúkọ yẹn, Àna Ológun, ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Nígbà tí àwọn àgbà kọ́kọ́ ní kó wá díje, ìpàdé náà wáyé ní ilé Bàbá Lóókè, àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀ jù ní agboolé wa. Ẹnì kan bi í pé, "Méjọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ́ sí wa nílùú yìí?" Bàbá rẹ kò wo ọ̀tún wo òsì.

"Tápà ni mí. Ẹ fún mi lọ́mọ, ọmọ náà sì bímọ fún mi. Bí ẹ bá lé mi, ta ni yóò máa tọ́jú ọmọ yín?"

Bàbá Lóókè ní, "Ọ̀rọ̀ tán. Àna ni. Ẹni tó bá lé àna rẹ̀, ọmọ ara rẹ̀ ló lé sígboro." Bó ṣe wọlé nìyẹn. Kò sọ pé òun jẹ́ nǹkan mìíràn, kò sẹ́nì kankan tó ní kó jẹ́ ẹ.

Èmi ni mo bà á jẹ́.

Nígbà tó fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó fẹ́ àga náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kiri pé kí ọmọ onílẹ̀ gba nǹkan rẹ̀ padà lọ́wọ́ Tápà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà lásán ni, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń mu tíì ní gáréèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, ẹ̀rù ń bà mí. Ayé ti ń pè mí ní ìyàwó Ọnọ́rébù, mi ò fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó má sọ Tápà níta mọ́. Lẹ́yìn náà mo ní kó má sọ ọ́ nínú ilé, torí àlejò ń wọlé nígbà gbogbo. Mo ní kó bọ́ fìlà wọn sílẹ̀. Bó bá pe Ndagi, èmi ni n ó jẹ́, n ó ní, "Túndé ń ṣeré lẹ́yìn ilé." Ọdún yẹn ni mo mú ọ lọ sí ilé ìwé mìíràn. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ọmọ ní kíkún. Mo kọ Babátúndé Yísà, mo sì fa igi gígùn sí àyè tó ṣẹ́kù. Igi yẹn ni mo ń rí lójú báyìí. Orúkọ mẹ́ta ni àyè rẹ̀ gbà.

Bàbá rẹ gbọ́ tèmi. Ìwọ rò pé ọkùnrin tó ti ojú ogun bọ̀ kì í bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìyàwó a máa ran ọkùnrin. Ìmọ̀ràn kẹta nìyẹn, tàbí ìkẹrin, mi ò kà á mọ́. Bí Bísí bá ń bẹ̀rù, jókòó tì í, gbọ́ ọ, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ di òfin nínú ilé. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe tèmi o, ibẹ̀ ló ti burú jù, nítorí ìfẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn wo ẹ̀yìn ohun tó ń ṣe.

Ó wá ku ọjọ́ tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìpàdé wà nílé wa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ìbò. A ta tapólì sí àgbàlá, àwọn àgbà jókòó, Bàbá Lóókè wà níwájú. Mo rí ìyá bàbá rẹ ní géètì. Láti abúlé ló ti wá, ọkọ̀ méjì ló wọ̀. Ó gbé igbá ẹja yíyan lérí, ó fi aṣọ funfun bò ó. Mo sáré pàdé rẹ̀. Ayọ̀ kọ́ ló mú mi sáré. Mo mú un gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú kíṣìnnì, mo fún un ní àpótí. "Màmá, ẹ jókòó díẹ̀. Àlejò pọ̀." Yorùbá tó gbọ́ kò ju ìyẹn lọ, ó sì jókòó.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dìde, ó gbé igbá rẹ̀, ó rìn jáde sí àárín wọn. Ó ń kí i ní èdè wọn.

O kò mọ bí bàbá rẹ ṣe máa ń kí ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó wọ aṣọ ológun, bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wò ó, yóò lóṣòó síwájú rẹ̀, wọn a máa kí ara wọn lọ, wọn a máa kí ara wọn bọ̀, ìyá a béèrè ilé, a béèrè oko, a béèrè ara, ọmọ a máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kì í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró wò ó.

Lọ́jọ́ yẹn, orúnkún rẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀. Mo rí i. Ó wá wo ibi tí mo dúró sí, mo sì mi orí pé rárá.

Ó dúró ṣánṣán. Ó ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ máa bọ̀ nínú ilé." Ní Yorùbá. Bí a ṣe ń kí ìyá arúgbó èyíkéyìí tó bá ṣìnà wọlé.

Ìyá náà wò ó. Ó béèrè ohun kan, ọ̀rọ̀ kúkúrú. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó tún béèrè. Ó wá gbé igbá ẹja kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba géètì jáde. Bàbá Lóókè bi àwọn tó jókòó pé ta ni màmá yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèlú ní, "Ará oko kan ni, Bàbá. Bóyá ìrànwọ́ ló wá gbà." Bàbá rẹ gbọ́, kò sì tún un ṣe.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé Bàbá Lóókè ti ra ẹja ní Ṣàárẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó gbọ́ Tápà.

Kò pariwo. Ó kàn dìde nígbà tí agboolé ṣe ìpàdé tiwọn. Ó ní, "A ò kórìíra Tápà. Àna wa ni, àwa la fún un lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kí i, kò bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dé Ìlọrin, tí àwa kí i, ṣé yóò bẹ̀rẹ̀ fún wa?" Ìyẹn tó. Agboolé bàbá mi fúnra rẹ̀ kò dìbò fún un. Àwọn tó ń pariwo Tápà ní gáréèjì kò rí nǹkan ṣe fún un, èmi tí mo ní kó fi Tápà pamọ́ ni mo gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Lóókè sọ ohun tí ìyá yẹn béèrè fún mi. Ó pè mí sí ìyẹ̀wù, ó ní, "Ọmọ mi, ó ní, 'Ndagi ńkọ́?' Ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè. Ṣé ẹ ò ní Ndagi nínú ilé yín ni?"

O wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà, Àyìnlá. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ kí o má baà sáré jáde kí o sì máa fi èdè Tápà pe ìyá àgbà rẹ.

Ìyá náà kò padà wá mọ́. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti kú. Kí bàbá rẹ tó dé ibẹ̀, wọ́n ti sin ín. Ó padà délé, kò bá mi jà. Kò tún sọ Tápà mọ́, kò sì tún díje mọ́. Ó kàn máa ń mú ọ lọ sí Èsìẹ́ láti wo àwọn ère òkúta, o rántí? O rò pé eré ni. Wọ́n ní àlejò ni àwọn ère yẹn nígbà kan rí. Bí ẹ bá dé, ó máa ń sọ fún mi bí ẹni ń ṣàwàdà pé, "Àlejò tó bá pẹ́ nílẹ̀ yìí láì sọ èdè ara rẹ̀, òkúta ló ń dà." N ó rẹ́rìn-ín, n ó bu oúnjẹ fún un.

Báyìí, bí mo bá ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ tí kò tẹ̀, mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ mi, mi ò ní kí o má wá. O gbọ́n ju bàbá rẹ lọ, o sì ní sùúrù ju èmi lọ. Àga náà lè jẹ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe kọ "Pọ́ńbélé" sórí nǹkankan. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tìrẹ sì jẹ́ méjì. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, sọ fún wọn bí bàbá rẹ ṣe sọ ọ́ kí n tó dí i lẹ́nu. Sọ pé Tápà ni bàbá mi, ọmọbìnrin yín ni ìyá mi. Àwọn ará wa yóò yẹ̀yẹ́ rẹ, wọn a ní kí o fi Tápà kí àwọn. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀yẹ́ rẹ. Ẹni tí a bá lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀ ti di tiwa. Bí wọ́n bá sì tìtorí ẹ̀ kọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n kọ̀ yóò jẹ́ ìwọ fúnra rẹ, o sì lè padà sílé pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá rẹ kò rí nǹkan gbé padà sílé.

Má sì ṣe kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kí o tó dé ilé. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, gbogbo ìyókù ni mo fi rọgbà yí i ká. Fọ́tò tí o ní kí n wá, mo ti rí i, ó wà nínú Bíbélì mi. N kò ní fi ránṣẹ́. Ó wà níbí, wá mú un.

Àná ni Fátí, nọ́ọ̀sì yẹn, wá kí wa nílé. Ó fi màngòrò bọ́ bàbá rẹ, wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo tún rí ẹ̀rín lójú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí bàbá rẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ndagi, mo jẹ́wọ́. Mo sọ fún Fátí pé ọmọ wa ni, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, bàbá rẹ̀ ń pè é. Fátí fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá yíjú sí mi.

"Màmá, kì í ṣe pé ó kàn ń pè é. Ó dà bíi pé ìyá rẹ̀ ló ń dá lóhùn. Ó ń sọ fún un pé, 'Ndagi ń bọ̀, Nna, ìyá mi, Ndagi ń bọ̀. Ẹ má tíì lọ.'"

Fátí kò mọ nǹkankan nípa ọjọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún un.

Mo ti ní kí Fátí máa wá kọ́ mi. Mo ti mọ omi. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "ó ń bọ̀", ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ọ́ fún bàbá rẹ, torí mi ò fẹ́ pa irọ́ mìíràn fún un mọ́.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fèsì kíá. Kò ní láti gùn. Bó o bá ń bínú sí mi, kọ ọ́ síbẹ̀, n ó kà á. Ṣùgbọ́n kọ ọjọ́ tí o ń bọ̀ sí i, kí n lè sọ fún un.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Ndagi.